Wọ́n ti mọ ara wọn, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò tíì ṣílẹ̀kùn

Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní fóònù Android yín àti laptop Windows yín ti so pọ̀ lórí Bluetooth, ẹ rí "Paired" níbẹ̀ kedere, àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ ni fóònù ń sọ pé kò lọ. Ẹ má tíì gbé laptop lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Èmi gbé tèmi lọ nígbà yẹn, mo sanwó, bó ṣe lọ náà ló ṣe padà wá.

Iṣẹ́ títẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ní dátà. Bluetooth ló ń gbà wá, torí òun kì í jẹ dátà. Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi ni pé Windows kì í gba fáìlì bí fóònù ṣe ń gbà á. Tó bá jẹ́ fóònù sí fóònù ni, ìbéèrè á yọ lójú èyí tó fẹ́ gbà á, wọ́n á tẹ "Accept", ó parí. Kọ̀ǹpútà ò ní bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún un pé àlejò ń bọ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ fsquirt sínú àpótí tó bá yọ, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Á béèrè bóyá ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ gbà. "Receive files" ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń retí, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù: ẹ yan fọ́tò, ẹ tẹ Share, ẹ mú Bluetooth. Tó bá wọlé tán, ẹ wo ibi tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ Finish. Mo ti wá fáìlì oníbàárà fún nǹkan bí ìdajì wákàtí rí, inú Documents ló jókòó sí tó ń wò mí.

Ẹ tún wo orúkọ kọ̀ǹpútà náà. DESKTOP àti àwọn lẹ́tà kan tí kò nítumọ̀ ni tèmi ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àǹtí tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan fi project rẹ̀ ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ ní ó ti lọ, èmi ò rí nǹkan kan. Ibi tá a ti ń jiyàn ni àǹtí ti yọjú: "Ta ló ni Chapter Four tó wọlé sọ́dọ̀ mi o?" Ọmọ náà ti tẹ̀wé lọ́dọ̀ wọn rí, àwọn náà sì ń retí fáìlì oníbàárà tiwọn lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yí orúkọ tèmi sí IYA-IBEJI.

Fọ́tò díẹ̀, PDF, iṣẹ́ Word, Bluetooth tó wọn. Fídíò ìgbéyàwó tó tó 1 GB ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. 3 Mbps ni wọ́n kọ fún un, ìyẹn bó ṣe ń yára gbé fáìlì tó, ohun tó ń délé kì í sábà ju 2 lọ, ẹ ó jókòó tì í ju wákàtí kan lọ. Tí ẹni tó ni fóònù bá wá rìn jáde lọ ra omi, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wáyà USB ni mo máa ń lò fún irú ìyẹn, tàbí Quick Share, èyí tó ń fi Bluetooth wá ara wọn, tó sì ń fi Wi-Fi gbé ẹrù. Ó wà fún Windows náà. Àwọn tó ń lo iPhone, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lóró: kì í fi fáìlì ránṣẹ́ sí Windows lórí Bluetooth.

Tó bá ṣì ń kọ̀, ẹ pa ìsopọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù àti lórí laptop, méjèèjì o, kẹ́ ẹ wá so wọ́n pọ̀ lákọ̀tun. Nọ́ńbà mẹ́fà á yọ lójú àwọn méjèèjì. Ẹ rí i pé wọ́n bára mu kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lọ, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá Windows 10 ni tàbí 11.