Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Nígbà Tí Aláìsàn Bá Dé Tí Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Kò Dé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì ń bá wọn fínra. Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ní kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan nítorí ọkàn wọn. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Ìyá mi dáhùn pé, "Funfun róbótó kan láàárọ̀, pupa kan tí mo bá jẹun tán, àti kékeré kan lálẹ́." Ìwé tí wọ́n fi darí wa kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì ṣeé kà. Wọ́n tún gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ dání kí n tó rántí sọ pé penisílínì kì í bá ìyá mi lára mu. Kọ̀ǹpútà wà ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ó sì wà ní ìkejì. Kí ló dé tí wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀?

*Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀*

Èsì: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá wa kí Màmá. A dúpẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀yin gan-an ni àkọsílẹ̀ ìlera tó bá wọn débẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá nìyẹn: ó yẹ kí àkọsílẹ̀ tí kì í gbàgbé ti débẹ̀ ṣáájú yín.

Ọ̀tọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà wà nílé ìwòsàn, ọ̀tọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn méjì gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá. Ibùdó àyẹ̀wò kan lè kọ ọ́ ní 126, kí òmíràn kọ ọ́ ní 7. Iye kan náà ni méjèèjì: ti àkọ́kọ́ ń ka mílígíráàmù nínú dẹsílítà kan, ti èkejì ń ka mílímóòlù nínú lítà kan. Fún ẹni tí kò tíì jẹun láti àná, ibẹ̀ gan-an ni ìlà tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wọlé. Bí 7 bá wá dé láìsí òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ 126 nìkan lè rò pé ṣúgà ti tán pátápátá lára aláìsàn. Dókítà lè fura, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í fura bí a kò bá kọ́ ọ.

Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣètò èdè tí gbogbo kọ̀ǹpútà ìlera yóò jọ máa sọ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní HL7 ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1987 ní Amẹ́ríkà. Ní 1994 ni ìtò LOINC bẹ̀rẹ̀, èyí tó fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má bàa jẹ́ orúkọ mẹ́wàá ní ibi mẹ́wàá. Àwòrán X-ray àti irú rẹ̀ ní èdè tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DICOM. Èyí tó ń gbilẹ̀ báyìí ni FHIR, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tó ń gba ọ̀nà kan náà tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà rìn. Nínú rẹ̀, oògùn kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan àti ohun kọ̀ọ̀kan tí ara aláìsàn kọ̀ ló dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kejì lè béèrè pé, "Kí ni ara obìnrin yìí kọ̀?" kí "penisílínì" sì jáde lójú ẹ̀rọ kí nọ́ọ̀sì tó fa abẹ́rẹ́ sókè.

Ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ló ń dí ọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kì í fẹ́ kí àkọsílẹ̀ jáde kúrò nínú ètò tiwọn, nítorí oníbàárà tí kò lè kó ẹrù rẹ̀ jáde kò ní lè lọ síbòmíràn. Lójú tiwa, èyí ló burú jù, nítorí ẹrù aláìsàn ni wọ́n fi ń ṣòwò. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2016 kà á léèwọ̀ kí ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dí àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ́nà láìnídìí.

Níbi tí ètò bá ti gún régé, dókítà tó ń darí aláìsàn á fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbà á. Dókítà tó bá pàdé aláìsàn lójijì, bóyá ẹni tó dákú, lè wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ kàn fúnra rẹ̀. Aláìsàn náà sì lè gba tirẹ̀ sórí fóònù kó fi han ẹni tó bá wù ú. Ọ̀nà kẹta yìí ni kí ẹ dì mú báyìí. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ àkópọ̀ Màmá ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́: orúkọ oògùn àti ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, ohun tí ara wọn kọ̀, àwọn àìsàn tí wọ́n ti rí lára wọn, àti àyẹ̀wò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà lórí bébà, kí òmíràn wà nínú fóònù yín.

Olóòtú mi,

Mo ní àìsàn kan tí n kò fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Bí àwọn ilé ìwòsàn bá so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀, ṣé akọ̀wé tó ń gba orúkọ sílẹ̀ àti dókítà eléyín kò ní máa ka ọ̀rọ̀ mi ni? Ṣé mo lè ní kí wọ́n fi pa mọ́?

*Ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí*

Èsì: Ìbẹ̀rù yín tọ̀nà. Wọ́n jí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ kó ní Fínlándì, nígbà tó sì di 2020, àwọn ọ̀daràn ń kọ̀wé sí àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé bí wọn kò bá sanwó, àwọn yóò tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá dókítà sọ síta. Ẹni tó bá ní kò séwu kò sọ òótọ́.

Ètò tó dára kì í ṣí gbogbo fáìlì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ akọ̀wé nílò ni kọ̀ǹpútà yóò fi hàn án, orúkọ àti ọjọ́ ìpàdé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni ti Estonia, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú ti wà lórí ètò kan láti 2008: aláìsàn lè wọlé sí tirẹ̀, kó rí orúkọ ẹni tó ṣí i àti ọjọ́ tó ṣí i, ó sì lè ti apá tí kò fẹ́ kí wọ́n rí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ pé ipasẹ̀ òun yóò hàn, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí fáìlì tí kò kàn án. Kí ẹ bi ilé ìwòsàn yín bóyá wọ́n ń tọ́jú irú ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti bóyá ẹ lè rí i.

Òfin yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ní Amẹ́ríkà, òfin HIPAA ti 1996, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ìlera, gbà kí àwọn dókítà tó jọ ń tọ́jú ènìyàn pín àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tí oníṣègùn ọpọlọ kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ nípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn ní ààbò tirẹ̀.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n ti nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ lójúkojú. Àpẹẹrẹ kan: ritonavir, tí wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ àwọn oògùn HIV kan, kò gbọ́dọ̀ pàdé simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ó lè ba iṣan ara jẹ́ kí ìpalára rẹ̀ sì dé kíndìnrín. Dókítà tí kò rí àkọ́kọ́ nínú fáìlì lè fi ọkàn rere kọ èkejì fún aláìsàn. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ fi orúkọ àìsàn pa mọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ oògùn hàn sí ẹni tó ń kọ oògùn fún yín.

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ìbejì ni mí. Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ mi pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi rí. Èkejì mi ni wọ́n ṣe é fún. Ta ni mo máa rí?

*Ìkejì Ẹnì Kan*

Èsì: Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá ẹni tó ni àkọsílẹ̀, orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo àti àdírẹ́sì ló sábà máa ń fi wéra, ẹ̀yin méjèèjì sì lè bára dọ́gba nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé náà pa mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn pa á rẹ́, nítorí èkejì yín nílò rẹ̀ nínú fáìlì tirẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ibi gbogbo tí wọ́n ti fi àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí, kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, tilẹ̀ pa á láṣẹ pé kí ẹni tó tún àkọsílẹ̀ ṣe fi tó àwọn tó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ létí, àyàfi tí kò bá ṣeé ṣe. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń gba orúkọ yín sílẹ̀ pé ẹ ní ìbejì, kí wọ́n kọ ọ́ sójú fáìlì méjèèjì.