Nígbà Tí Rélùwéè Kékeré Bá Sú Ni: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa lóṣù yìí dá lórí rélùwéè kékeré, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n dín kù láti ara ti gidi, tó ń fi iná mànàmáná rìn lórí pákó nínú ilé. OO, HO àti N tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ jẹ́ orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi dín in kù: OO jẹ́ 1:76, ìyẹn ìdá kan nínú 76 ti gidi, HO jẹ́ 1:87, N ló kéré jù nínú wọn. Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò: owó ti wọlé lọ, àkókò ti lọ, eré náà ò sì dùn mọ́. A yan mẹ́rin nínú wọn.

"Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń to rélùwéè OO sínú àjà ilé mi. Àwòrán tí mo yà gba mítà 5 ní gígùn àti mítà 3 ní fífẹ̀, ibùdókọ̀ méjì, oríta irin 26. Pákó ti dúró, mo ti to irin dé ìdajì, àmọ́ ọkọ̀ kankan ò tíì rìn. Tí mo bá ti rí àkàbà àjà báyìí, ara mi a kọ̀. Ṣé kí n tà á ni?" – Bàbá Ìbejì, Peckham, London

Ẹ má tíì tà á, Bàbá. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín, ìṣirò ni kò gbè yín. Irin gígùn tó ṣeé tẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Peco ń tà jẹ́ mìlímítà 914 lẹ́yọ kan. Iṣẹ́ tó tó tiyín á gbà tó 30 lẹ́yọ. Kí iná lè dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti ní wáyà méjì tó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ pákó, ẹ ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀. Ojú jíjó 120 nìyẹn, a ò tíì ka mọ́tò àwọn oríta irin 26. Ẹni tó ń rí wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ á ti jó lẹ́ẹ̀dì títí ọrùn á fi máa dùn ún kó tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kan. Ta ló fẹ́ máa gun àkàbà nítorí ìyẹn?

Ẹ mú ibi kan lára èyí tí ẹ ti tò, kó gùn ní mítà 1.2, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ fi ìsopọ̀ irin oníke gé e kúrò lára ìyókù kí iná má bàa kọjá. Wáyà 7/0.2 (okùn wẹ́wẹ́ 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan mìlímítà 0.2) tó fún èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, wáyà 1.5, irú èyí tí àwọn oníná fi ń fa iná gílóòbù, ni kó gba abẹ́ pákó kọjá. Ẹ so kọ̀ntírólà, ohun tí ẹ fi ń dá eré ọkọ̀, mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì kan lọ kó bọ̀ lórí rẹ̀. Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ parí ibẹ̀ pátápátá, títí kan òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko. Ẹ da òkúta náà sáàárín igi ìdábùú irin ní gbígbẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ ẹ. Ẹ fọ́n omi tí ẹ ti kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí lé e, kí gọ́ọ̀mù má bàa dì sójú kan lórí eruku. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìkánsínú kán gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, tí ẹ ti pò mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì, sí i. Níbi oríta irin, ẹ ṣọ́ ọ̀pá pẹlẹbẹ tó ń ti irin méjèèjì sọ́tùn-ún sósì. Tí gọ́ọ̀mù bá ṣàn débẹ̀, oríta náà ti gan nìyẹn, àfi kí ẹ tú u. Ẹ pa sẹ̀ǹtímítà méjì dá láìfi òkúta sí i, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Ti àjà ilé London tún wà níbẹ̀: ó ń móoru lẹ́ẹ̀rùn, ó ń tutù nini nígbà òtútù. Irin nickel silver tó gùn ní mítà kan ń fi bíi mìlímítà 0.4 gùn sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 25 lọ sókè, pákó sì tún máa ń sún kì bó bá ti ń gbẹ. Bí ẹ bá ń to irin nígbà òtútù, ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà kan sílẹ̀ níbi ìsopọ̀, ẹ má sì fi lẹ́ẹ̀dì lẹ gbogbo ìsopọ̀ pa. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ pa á rí i nínú oṣù keje pé irin ti wọ́ bí ejò.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ tó kàn sórí ìwé pélébé, kí ẹ kó irinṣẹ́ rẹ̀ tì í. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú téèyàn bá rí, wíwá ẹ̀mú kiri máa ń jẹ ìdajì.

Kò sì sí ìtìjú nínú kékeré. John Allen ti Monterey ní California, ẹni tí rélùwéè kékeré rẹ̀, Gorre & Daphetid, gbayì jù ní Amẹ́ríkà láyé rẹ̀, orí pákó bíi mítà méjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá kọ́ ńlá, kò ju kékeré náà nù; ṣe ló so ó mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ àìlẹ́gbẹ́ ló tún ń dà yín láàmú, The Model Railway Club ti wà ní London láti 1910, ìtòsí King's Cross ni ilé wọn wà. Ẹ lọ bá wọn. Ẹni tó gbó nínú wáyà sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ń wá ẹni tó máa bá a kun ilé.

"HO la rà fún àwọn ọmọ. Ẹ́ńjìnnì máa ń kú lórí oríta irin, àwọn wágọ́nù máa ń yẹ̀ kúrò lórí irin. Mo ti fi sáńdípépà ha irin náà títí, ó kàn ń burú sí i ni. Àwọn ọmọ ti padà sídìí gáàmù wọn." – Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Houston

Ìyá wa, ẹ gbé sáńdípépà yẹn sílẹ̀. Ojú ọgbẹ́ tó ń dá sórí irin ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, ìdí rèé tó fi ń burú sí i. Ẹ fi wọ́ṣà irin tí kì í dípata fi agbára ra orí irin náà títí á fi dán, kí ẹ wá fi aṣọ tó rin fún isopropyl, ìyẹn ọtí ìpakòkòrò, nù ún.

Táyà gan-an ló ń kó ìdọ̀tí kiri ju irin lọ. Ẹ tẹ́ tíṣù tó rin fún isopropyl lé irin, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà kí ìdajì táyà rẹ̀ wà lórí irin gbangba níbi tó ti ń gba iná, kí ìdajì tó kù wà lórí tíṣù. Ẹ di ẹ́ńjìnnì náà mú, kí ẹ ṣí kọ̀ntírólà díẹ̀. Táyà orí tíṣù á máa yí lójú kan, ẹ ó sì rí ìlà dúdú méjì lórí tíṣù náà. Ẹ sún tíṣù síwájú, kí ẹ ṣe é títí ìlà náà á fi pòórá, kí ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì padà. Táyà oníke tó wà lábẹ́ àwọn wágọ́nù, ẹ fi onírin pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá ṣì ń kú lórí oríta lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí irin méjì ti gba ara wọn kọjá láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní frog. Bó bá jẹ́ ike, iná ò sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kúkurú tó ní táyà mẹ́rin péré ò sì ní ohun tí á fi ré e kọjá. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì gígùn dán an wò. Bí ẹ bá máa ra oríta tuntun, ẹ ra èyí tí frog rẹ̀ jẹ́ irin, tó ní wáyà tí ẹ lè so mọ́ súwíìṣì kó lè gba iná tó bá ọ̀nà tí oríta náà kọjú sí mu.

Ti wágọ́nù tó ń yẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ wágọ́nù kan náà ló ń yẹ̀ níbi gbogbo, òun ló lẹ́bi. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń yẹ̀ lójú kan, irin ibẹ̀ ni. Fún wágọ́nù, ẹ fi irin ìwọ̀n tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, ṣe wo àlàfo àárín táyà méjèèjì, kí ẹ wo ìkọ́ bóyá ó ń wọ́ nílẹ̀, kí ẹ sì gbé wágọ́nù náà lé òṣùwọ̀n. Ìmọ̀ràn NMRA fún HO ni áùnsì kan, pẹ̀lú ìdajì áùnsì fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tó bá gùn. Wágọ́nù íǹṣì 6 yẹ kó wọn áùnsì 4, bíi gíráàmù 113. Pẹ́nì Amẹ́ríkà òde òní kan wọn gíráàmù 2.5, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ wágọ́nù náà títí ìwọ̀n á fi pé.

Àwọn ọmọ á padà wá bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Wọn ò sá fún rélùwéè, ohun tó ń kú lójú wọn ní gbogbo ìgbà ni wọ́n sá fún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òbìrípo kan ni, ọkọ̀ ń yí i ká. Àmọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń gbà kó tó sú mi, mi ò sì ní àyè ju orí tábìlì ìkàwé lọ." – Akẹ́kọ̀ọ́, Leeds

Àbúrò, òbìrípo ò ní iṣẹ́ tó máa fún ọ ṣe, ìyẹn ló fi ń sú ọ. Kó o lọ to Inglenook Sidings, eré àdììtú títo wágọ́nù, èyí tí Alan Wright ronú kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríta irin méjì péré ló gbà. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní: ọ̀kan gba wágọ́nù 5, méjì tó kù gba 3-3, ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ sì gba ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú wágọ́nù 3. Wágọ́nù 8 lo máa kó síbẹ̀.

Kọ orúkọ wágọ́nù kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé, pò wọ́n, fa márùn-ún yọ. Bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra ni ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ tò lọ́nà tó gba 5. O ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé wágọ́nù, títì àti fífà nìkan ló kù. Ètò tó lè jáde jẹ́ 8 × 7 × 6 × 5 × 4, ìyẹn 6,720, torí náà kò ní tètè tán lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà mìíràn á dà bíi pé kò ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ pé wágọ́nù tó o nílò ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, wàá sì ní láti tú èyí tó o ti tò kó o tó fà á jáde.

Ohun tó ń ba eré yìí jẹ́ ni gígùn. Wágọ́nù OO onítáyà mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ bíi mìlímítà 85 pẹ̀lú ìkọ́, àmọ́ so tìrẹ pọ̀ kó o wọ̀n ọ́n kó o tó gé irin. Bí ọ̀nà ẹ́ńjìnnì bá gba wágọ́nù 4, ó ti rọrùn jù; bí kò bá gba 3, kò ní yanjú láé. Gbogbo rẹ̀ á gba bíi mítà kan ààbọ̀ ní OO, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó. Bí tábìlì rẹ ò bá tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ní N, tí irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 9, mítà kan ò ní kún.

Rí i pé ìkọ́ gbogbo wágọ́nù jẹ́ irú kan náà. Ìkọ́ Kadee No. 17 sí 20 wọ ojúhò NEM, ihò ìkọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti Yúróòpù mu. Gígùn ìkọ́ nìkan ló yàtọ̀, No. 18 ni kó o kọ́kọ́ dán wò. Fi mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ irin lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bó o bá dúró lórí rẹ̀, tó o sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ dẹ̀, apá méjèèjì á là. Wàá wá ti wágọ́nù náà lọ síbi tó o fẹ́ láìtún kọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò lè rọra rìn kò wúlò níbí rárá.

"Rélùwéè àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn ni mo fẹ́ rọ. Ìwọ̀n wo ni kí n lò? Ìbẹ̀rù mi méjì ni ọyẹ́ àti iná tí kì í dúró." – Ọmọ Olùbàdàn, Ìbàdàn

Ọ̀gá wa, irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Ti tuntun tó ń kó èrò láti 2021 jẹ́ 1435, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ra HO tàbí OO lásán, ara ọkọ̀ yín á kéré jù fún irin rẹ̀.

A ó fara mọ́ 1:64 lórí irin mìlímítà 16.5. 16.5 lọ́nà 64 jẹ́ 1056, ó kù díẹ̀ kó bá a dọ́gba, àwọn tó ń rọ rélùwéè New Zealand sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé abẹ́ ẹ́ńjìnnì HO àti irin HO, tó pọ̀ lọ́jà jù, ṣeé lò. Ara ọkọ̀ nìkan lẹ ó fi páálí tàbí ike rọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìṣeré onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà náà súnmọ́ 1:64, ẹ ó sì rí èyí tí ẹ lè kùn bíi dánfó sẹ́nu Ìdó. Bí àyè bá há, 1:120 lórí irin mìlímítà 9 náà dára, 1080 nìyẹn, àmọ́ ara ọkọ̀ á kéré, ọwọ́ á sì gbọ̀n.

Kí ẹ tó to irin kankan, ẹ kun pákó plywood lókè, nísàlẹ̀ àti létí rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n kun lójú kan ṣoṣo á wọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi nílọ́ọ̀nù nípọn bò ó. Ẹ má lo aṣọ àlòkù, torí òwú rẹ̀ á wé mọ́ ọ̀pá táyà.

Fún iná, bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 7Ah (áḿpíà 7 fún wákàtí kan), pẹ̀lú kọ̀ntírólà PWM, èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá láti dá eré, tí wọ́n ń tà fún mọ́tò DC, tó fún ẹ́ńjìnnì kan. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń jẹ ìdajì áḿpíà á rìn fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí bátìrì náà gbẹ tán. Ẹ fi fíúsì áḿpíà 2 sórí wáyà pupa, nítòsí ẹnu bátìrì gan-an. Wágọ́nù tó bá yẹ̀ lè so irin méjèèjì pọ̀, bí kò bá sì sí fíúsì, wáyà á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kí ẹ tó débẹ̀.