Ṣé Dandan Ni Kí Egungun Mi Kán Bíi Ti Ìyá Mi?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá, ìyá mi, ẹni ọdún 71, yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ẹ̀yìn ìyá tó bí òun náà ti tẹ̀ gan-an kó tó kú. Ọmọ ọdún 49 ni mí, nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Àwọn ará ilé ní ìdílé wa ló ni í. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ará ilé yín ò parọ́, àmọ́ kò di dandan kí tiyín kán. Nínú ohun tó ń mú kí egungun ẹnì kan ki ju ti ẹlòmíràn lọ, ó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jẹ́ àjogúnbá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì, ìyẹn àwọn ohun tí à ń jogún lára òbí, ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bíi ti AA àti AS tó máa sọ fún yín pé ẹ ó kán tàbí ẹ ò ní kán.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ìró ìyá mi tó máa ń mọ ní ọrùn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ká etí rẹ̀ sókè, tí mo fi abẹ́rẹ́ rán an. N kò ronú pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń rún wọlé, tó ń mú un kúrú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kán ní ìbàdí.

Bí nǹkan oṣù bá ti ń lọ, estrogen, èròjà ara obìnrin tó ń dáàbò bo egungun, ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Torí náà, ẹ lọ rí dókítà báyìí. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá mi kán ní ìbàdí." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo nínú ìṣirò tí àwọn dókítà fi ń mọ bí egungun ẹnì kan ṣe lè kán tó. Ẹ béèrè àyẹ̀wò DXA, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń wo bí egungun ṣe ki tó. Bí èsì bá jẹ́ −2.5 tàbí tó lọ sílẹ̀ jù ú lọ, osteoporosis ni, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí egungun lágbára mọ́, ó sì ní oògùn. Bí ẹ bá ń lo prednisolone, tó jẹ́ oògùn steroid, tàbí oògùn oríkèé tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi pamọ́, torí irú wọn a máa jẹ egungun.

Ẹ máa jẹ wàrà, àti sàdíìnì tẹ̀gúntẹ̀gún. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Egungun àwọn ìbejì ṣì ń ki sí i títí wọn ó fi tó nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, ẹ jẹ́ kí àwọn náà bá yín jẹ ẹ́.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ fi iná sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ Màmá.