Èsì: Boerboel àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ bèèrè bóyá Boerboel, irú ajá ńlá kan, dára fún ilé tuntun yín ní Iléṣà, nígbà tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Ó máa ṣọ́lé dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ló ti ń sìn ín tipẹ́ láti ṣọ́ oko, ó sì máa ń fẹ́ràn ará ilé rẹ̀. Àmọ́ akọ rẹ̀ lè wúwo ju 70 kílò lọ. Tó bá ń ṣeré tó sì kọlu ọmọ ọdún 3, ọmọ á ṣubú yakata. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbà nítòsí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ torí kó lè rorò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nìyẹn, ajá á wá máa fò mọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ìyá oníbúrẹ́dì. Láti kékeré ni kó ti mọ àlejò, ariwo ọ̀kadà àti adìyẹ aládùúgbò.

Ẹ̀bà lásán kò tó o. Ó nílò ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun rẹ̀. Eégbọn ńkọ́? Ẹ máa tú inú etí rẹ̀ wò, àárín ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ dìgbòlugi falẹ̀ rárá. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ibòji àti omi tútù ni tirẹ̀.

Tí owó oúnjẹ rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ajá ìbílẹ̀ wa méjì á gbó olè dáadáa.