Chrome ń pa dé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n tábúlẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tábúlẹ́ẹ̀tì Android ni mò ń lò, Chrome sì ni mo fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti gba ìmúdójúìwọ̀n sọ́fítíwíà, bí mo bá ti ṣí ojú ìwé kan, Chrome á dúró díẹ̀, á sì pa dé. Ẹnì kan ní kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣé ó di dandan? Àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà mi wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: Kò di dandan, ẹ má sì tíì ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àléébù náà wà.

Lórí Android, Chrome nìkan kọ́ ló ń fi ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì hàn. Ohun kan wà lábẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Android System WebView, òun sì ni ọ̀pọ̀ áàpù, bíi ti ìròyìn àti ti í-meèlì, máa ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ojú ìwé nínú ara wọn. Nítorí náà, ẹ ṣí líǹkì kan nínú áàpù tí kì í darí yín sí Chrome, kí ẹ sì tún dán Firefox wò, nítorí ohun tí Firefox fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀, kì í yá ti Chrome lò. Bó bá jẹ́ Chrome nìkan ló ń pa dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àléébù wà. Bí àwọn áàpù mìíràn náà bá ń pa dé, WebView ni kí ẹ fura sí. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n WebView kan mú kí ọ̀pọ̀ áàpù máa pa dé lójijì. Ohun tí Google ní kí àwọn èèyàn ṣe kò ju pé kí wọ́n gba WebView àti Chrome tuntun lórí Play Store.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ pa tábúlẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá àyè ṣì kù lórí rẹ̀, nítorí ìmúdójúìwọ̀n ńlá lè jẹ àyè tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Chrome àti WebView lórí Play Store, kí ẹ sì tẹ Update níbi tó bá ti yọjú. Ẹ̀rọ tó ṣì wà lórí Android 8 tàbí 9 kò lè kọjá Chrome 138.

Bí èyí kò bá yanjú rẹ̀, ó kan àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ tí Chrome ti kó jọ. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Chrome, kí ẹ wá tẹ Storage. Bọ́tìnì méjì ni ẹ máa rí níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nǹkan. Clear cache kò ní pa yín lára. Fáìlì tí Chrome yóò tún gbà padà fúnra rẹ̀ ló ń kó dànù. Èkejì, Manage space, tí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan ń pè ní Manage storage, ló ń mú yín dé Clear all data, èyí tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò bá sí lórí àkáǹtì Google yín. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn ṣí passwords.google.com, kí ẹ fi ojú ara yín rí wọn níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà kan Uninstall updates, tó máa ń dá Chrome padà sí irú èyí tó bá ẹ̀rọ náà wá.

Bí Chrome bá ṣì ń pa dé lẹ́yìn gbogbo èyí, tí Firefox sì ń ṣiṣẹ́ geere, ẹ máa lo Firefox ná, kí ẹ sì fi tó Google létí nípasẹ̀ Help & feedback tó wà nínú Chrome, kí ẹ kọ irú tábúlẹ́ẹ̀tì yín àti nọ́ńbà Android àti ti Chrome síbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ṣe áàpù ni àtúnṣe irú àléébù bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, Chrome kan náà ni yóò tún gbà padà.