Àwo orin wo ló sọ ẹgbẹ́ Thursday di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, báwo ni wọ́n sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Full Collapse ni, àwo wọn kejì, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2001 lábẹ́ iléeṣẹ́ Victory Records. Ìlú New Brunswick, ní New Jersey, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1997, Geoff Rickly sì ni olórin wọn. Yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣeré fún àwọn ọ̀dọ́. Waiting, àwo àkọ́kọ́, jáde ní 1999.

Ohun tó mú Full Collapse yàtọ̀ ni bí ohùn jẹ́jẹ́ àti igbe ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú orin kan náà, tí gìtá sì ń ru gùdù lábẹ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ “Understanding in a Car Crash”. Orin ọ̀fọ̀ ni, lórí jàǹbá ọkọ̀, ó sì máa ń wọ èèyàn lára gan-an.

Iléeṣẹ́ ńlá Island ló gbé War All the Time jáde fún wọn ní 2003. Rickly yìí kan náà wà lára àwọn tó bójú tó àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin My Chemical Romance, ará New Jersey bíi tiwọn, ní 2002.