Kí ni ọnà, ṣé aṣọ ìpò sì yẹ káàdì ìgbéyàwó?

Àbúrò kan ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe káàdì bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Yorùbá ń pe dìsáìnì? Mo sì fẹ́ fi ọnà aṣọ ìpò, aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, ṣe káàdì ìgbéyàwó ọmọ Bùnú kan, ṣé kò burú?”

Okun o, àbúrò. Ìwọ fúnra rẹ ti pè é: ọnà ni. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Bí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà Lọ́kọ́jà lo ń sọ. Fínfín ara igbá, ọnà ni; ilà tó gba inú aṣọ kọjá, ọnà ni. Òun náà ló wà nínú “gbẹ́nàgbẹ́nà”, ẹni tó ń gbẹ́ ọnà.

Ti àwọ̀ ló le jù. Mẹ́ta ni orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ tí Yorùbá ní: funfun, dúdú, pupa. Aró wà lábẹ́ dúdú. Epo, osùn àti ọsàn tó pọ́n wà lábẹ́ pupa. Àwọn kan á ní ojú àwọn baba wa kò mọ àwọ̀ yà ni. Irọ́ ni! Ẹ lọ bi aláró bóyá ẹtù tó dúdú gan-an àti ayìnrín tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ jọra.

Ní Bùnú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Funfun jẹ́ ti ẹbọra, dúdú jẹ́ ti ìyàwó. Pupa, ìyẹn aṣọ ìpò, jẹ́ ti ìsìnkú ìjòyè, eégún náà sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ló ń hun ún láyé àtijọ́ lórí òfì tó dúró gbọọrọ. Màmá kan tú ọ̀kan fún mi rí nínú àpótí. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Mo fọwọ́ pa á. Òwú ibi tó kù le, àmọ́ ibi tó pupa rọ̀ bí irun àgùntàn. Irun àgùntàn náà ni! Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tú fọ́nrán-fọ́nrán láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n á fi òwú rẹ̀ hun ún. Nínú àpótí, aṣọ lásán ni. Ìgbà tí eégún bá gbé e wọ̀, tí ìlù dún, tó sì fi yí bírí, ìgbà yẹn ló di ìran.

Nítorí náà, má fi ìpò ṣe káàdì yẹn. Àwọn àgbà ilé ìyàwó á rò pé ìjòyè kan ló wàjà. Dúdú ni kí o lò, kí o fi ilà funfun tín-ín-rín fà á láàrin, kí o sì gbé e han ìyá ìyàwó kí o tó tẹ̀ ẹ́.